Ẹrú Ní Baba, Ọ̀nà Ló Jìn: Ìgbésí Ayé Bíṣọ́ọ̀bù Samuel Àjàyí Crowther

Nígbà tí wọ́n ní kí a kọ ìtàn ẹnìkan tí àwa ọmọ Yorùbá tí a ń gbé lẹ́yìn odi lè fi ṣe àwòkọ́ṣe, orúkọ púpọ̀ ló wá sí wa lọ́kàn. Jagunjagun wà nínú wọn, olówó wà, olóṣèlú sì wà pẹ̀lú. Ṣùgbọ́n ọ̀kan tí kò jagun, tí kò kó ọrọ̀ jọ, tí kò sì du ipò ni a mú. Òun ni Samuel Àjàyí Crowther, ọmọ Ọ̀ṣọ̀gùn.

Kì í ṣe tìtorí ẹ̀sìn ni a ṣe mú un. Mùsùlùmí wà nínú ẹgbẹ́ wa, Kristẹni wà, àwọn tó ń bá àṣà baba wọn lọ náà wà. Ìwà ọkùnrin yìí ni a fẹ́ wò, kí a sì rí bí ìwà náà ṣe tọ́ ọ sọ́nà nínú ilé, lẹ́nu iṣẹ́, àti nígbà tí ó di olórí. Ìdí mìíràn sì wà. Láàárín àwọn tí kì í ṣe ẹ̀yà rẹ̀, lẹ́bàá Odò Ọya, ni ó ti ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ rẹ̀. Àlejò ni, gẹ́gẹ́ bí àwa náà ti jẹ́ àlejò níhìn-ín.

ỌMỌ TÍ WỌ́N FI PÀÀRỌ̀ ẸṢIN

Ní nǹkan bí ọdún 1809 ni wọ́n bí Àjàyí ní Ọ̀ṣọ̀gùn, ìlú kan tí kò jìnnà sí Ìṣẹ́yìn. Ahunṣọ ni baba rẹ̀. Àfàlà ni orúkọ ìyá rẹ̀. Ayé ti dàrú ní ilẹ̀ Ọ̀yọ́ nígbà náà, ogun ń kó ìlú lọ́tùn-ún lósì. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1821, ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan tí àwọn obìnrin ń dáná oúnjẹ àárọ̀ lọ́wọ́, ogun já wọ Ọ̀ṣọ̀gùn. Baba Àjàyí sáré wọlé, ó ní kí wọ́n sá àsálà, ó sì padà sójú ìjà. Àjàyí kò tún fojú kan baba rẹ̀ mọ́ títí ayé.

Wọ́n mú òun, ìyá rẹ̀ àti àwọn àbúrò rẹ̀ obìnrin nínú igbó tí wọ́n sá sí, wọ́n sì fi okùn so wọ́n lọ́rùn. Nígbà tí wọ́n pín ẹrù ogun, wọ́n fi Àjàyí pààrọ̀ ẹṣin kan. Ẹṣin náà kò wu ẹni tó gbà á. Lẹ́yìn oṣù mélòó kan, wọ́n dá ẹṣin padà, wọ́n sì tún gba ọmọ náà bí ẹni gba ẹrù tí a kò rà mọ́. Ó tún bá ìyá rẹ̀ pàdé fún ìgbà díẹ̀, ṣùgbọ́n kò pẹ́ tí wọ́n tún fi yà wọ́n. Láti ọjà dé ọjà, láti ọwọ́ olówó kan dé ọwọ́ òmíràn, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń tà á lọ sí ìhà òkun. Nígbà kan ẹ̀rù àwọn Potogí bà á tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi gbìyànjú lóru láti fi ọ̀já ìdí rẹ̀ fún ara rẹ̀ lọ́rùn pa. Ọmọ bí ọdún méjìlá tàbí mẹ́tàlá ni nígbà náà.

Ní ọjọ́ 7 oṣù kẹrin ọdún 1822, wọ́n kó o sínú ọkọ̀ ẹrú àwọn Potogí kan ní Èkó. Ọkọ̀ náà kò rìn jìnnà tí ọkọ̀ ogun ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì méjì fi lé e bá, tí wọ́n sì gba àwọn ẹrú inú rẹ̀ sílẹ̀. Ní ọjọ́ 17 oṣù kẹfà ọdún kan náà ni ẹsẹ̀ Àjàyí kan ilẹ̀ Sàró, ní Freetown.

Ẹ jẹ́ kí a dúró díẹ̀ níhìn-ín. Ẹni tí ayé bá fi ojú rẹ̀ rí irú èyí, ọ̀nà méjì ló ṣí sílẹ̀ fún un. Ó lè di òǹrorò, kí ó máa wá ẹni tí yóò san gbèsè ohun tí wọ́n ṣe fún un. Ó sì lè pinnu pé ohun tí ojú òun rí, ojú ẹlòmíràn kò ní rí i láti ọwọ́ òun. Ọ̀nà kejì ni Àjàyí tọ̀. Gbogbo ohun tó kù nínú ìtàn yìí, inú ìpinnu náà ló ti wá.

KÁFÍŃTÀ ÀTI AKẸ́KỌ̀Ọ́

Ní Sàró, iṣẹ́ káfíńtà ni wọ́n kọ́kọ́ fi í sí. Ìwé sì wù ú púpọ̀. Ìtàn sọ pé ó tọrọ kọ́bọ̀ díẹ̀ lọ́wọ́ àwọn ará ilé rẹ̀ tó bá níbẹ̀ láti fi ra ìwé a-bí-dí ti ara rẹ̀, kí ó má baà máa dúró de ti ẹlòmíràn. Láàárín bí oṣù mẹ́fà ó ti ń ka Májẹ̀mú Titun. Ní ọjọ́ 11 oṣù kejìlá ọdún 1825, ó ṣe ìrìbọmi, ó sì gba orúkọ Samuel Crowther, tí í ṣe orúkọ àlùfáà kan ní Lọ́ńdọ́nù. Ṣùgbọ́n kò sọ Àjàyí nù. Ní ọdún 1827, nígbà tí wọ́n dá ilé ẹ̀kọ́ Fourah Bay sílẹ̀, ó wà lára àwọn tó kọ́kọ́ wọ ibẹ̀. Ó fẹ́ Asano, ọmọbìnrin tí wọ́n gbà sílẹ̀ nínú ọkọ̀ ẹrú bíi tirẹ̀, tí ó di Susan, tí ó sì jẹ́ olùkọ́. Ilé wọn di ilé ìwé: ọmọ wọn Dandeson di àlùfáà àgbà, ọmọ wọn obìnrin Abigail sì fẹ́ Thomas Babington Macaulay, ẹni tó dá C.M.S. Grammar School sílẹ̀ ní Èkó ní ọdún 1859. Ọmọ Abigail ni Herbert Macaulay tí gbogbo Nàìjíríà mọ̀.

Ẹni tó bá kọ́ iṣẹ́ káfíńtà mọ̀ pé a kì í gé pákó kí a tó wọ̀n ọ́n. Bẹ́ẹ̀ ni Àjàyí ṣe ń ṣe ohun gbogbo. Ní ọdún 1841, nígbà tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì rán ọkọ̀ mẹ́ta lọ sí Odò Ọya, ó bá wọn lọ. Ibà pa àwọn òyìnbó náà lọ bí ilẹ̀ bí ẹni: nínú nǹkan bí 145 wọn, àwọn tó kú kò dín ní 40. Ọ̀pọ̀ rí i bí iṣẹ́ tó ti bàjẹ́ pátápátá. Àwọn tó fara balẹ̀ wò ó, tí Àjàyí wà nínú wọn, rí i pé ọmọ Áfíríkà fúnra wọn ni a gbọ́dọ̀ kọ́ láti ṣe iṣẹ́ náà. Ní ọdún 1843 wọ́n fi í jẹ àlùfáà ní Lọ́ńdọ́nù, ní ọdún kan náà ni ìwé rẹ̀ lórí gírámà àti ọ̀rọ̀ èdè Yorùbá sì jáde.

ÌYÁ ÀTI ỌMỌ

Ní oṣù kìíní ọdún 1845, òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gúnlẹ̀ sí Àgbádárìgì, wọ́n ń lọ sí Abẹ́òkúta. Wọ́n gbọ́ pé Ṣódẹkẹ́, olórí Ẹ̀gbá tí wọ́n ń lọ bá, ti kú, ọ̀nà sì dí. Oṣù méjìdínlógún ni wọ́n fi dúró. Àjàyí kò jókòó káwọ́ gbera. Ó ń wàásù, ó ń kọ́ ọmọdé, ó sì ń túmọ̀ ìwé. Sùúrù ni baba ìwà.

Ní ọdún 1846 wọ́n wọ Abẹ́òkúta. Kò tíì pé oṣù kan tó débẹ̀ tí ìròyìn fi kàn án pé ìyá rẹ̀ wà láàyè, ní ìlú kan nítòsí. Ní ọjọ́ 21 oṣù kẹjọ, Àfàlà dé. Ọdún márùndínlọ́gbọ̀n ti kọjá. Àwọn méjèèjì wo ara wọn, wọ́n dì mọ́ ara wọn, kò sì sí ẹni tó lè sọ̀rọ̀ fún ìgbà pípẹ́. Ara ìyá ń gbọ̀n, omi ń dà lójú ọmọ. Ìyá náà ti kọjá lọ́wọ́ olówó ẹrú ju ẹ̀ẹ̀kan lọ láti ìgbà tí wọ́n ti pínyà. Ní oṣù kejì ọdún 1848, Àfàlà ṣe ìrìbọmi, wọ́n sì sọ ọ́ ní Hannah. Ọ̀dọ̀ ọmọ rẹ̀ ló darúgbó sí, ọdún 1883 ni ó sì kú. Nítorí náà ni a ṣe fi òwe àwọn àgbà ṣe orí ìtàn yìí: ẹrú ní baba, ọ̀nà ló jìn. Ó ní ìyá pẹ̀lú.

ẸNI TÓ Ń GBỌ́ KÍ Ó TÓ SỌ

Iṣẹ́ tí gbogbo ọmọ Yorùbá, ẹlẹ́sìn yòówù kó jẹ́, ṣì ń jẹ àǹfààní rẹ̀ ni iṣẹ́ tó ṣe lórí èdè wa. Àjàyí kò rò pé nítorí òun jẹ́ ọmọ Ọ̀yọ́, òun ti mọ Yorùbá tán. Ó ń jókòó ti àwọn àgbà, ó ń tẹ́tí sí bí wọ́n ṣe ń pa òwe, bí wọ́n ṣe ń ro ẹjọ́, bí àwọn onífá ṣe ń sọ̀rọ̀, bí àwọn Mùsùlùmí ṣe ń wàásù. Ẹ wo ọ̀rọ̀ bí àlùfáà, ẹ wo àdúrà, ẹ wo ìwàásù. Ọ̀dọ̀ àwọn Mùsùlùmí Yorùbá ni àwọn ọ̀rọ̀ wọ̀nyí ti wá, òun àti àwọn tí wọ́n jọ ń túmọ̀ sì fi wọ́n sínú Bíbélì nítorí pé àwọn ni ará ìlú mọ̀. Ẹni tó bá kórìíra aládùúgbò rẹ̀ kò lè ṣe irú èyí.

Ìwé Róòmù jáde ní ọdún 1850. Ní ọdún 1862, iná jó ilé rẹ̀, ó sì run àwọn ìwé tó ti fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ, pẹ̀lú àwọn òwe àti ọ̀rọ̀ tó ti kó jọ. Ó tún bẹ̀rẹ̀. Òun nìkan kọ́ ló ṣe é. Thomas King àti àwọn mìíràn ràn án lọ́wọ́ púpọ̀. Ní ọdún 1884 ni odindi Bíbélì Yorùbá jáde.

OLÓRÍ LÁÀÁRÍN ÀLEJÒ

Ní ọdún 1854 ó tún bá Dókítà Baikie lọ sí Odò Ọya nínú ọkọ̀ Pleiad. Lọ́tẹ̀ yìí, wọ́n ń lo oògùn ibà tí à ń pè ní kuníìnì lójoojúmọ́, kò sì sí òyìnbó kankan tó kú. Ní ọdún 1857 wọ́n dá iṣẹ́ sílẹ̀ ní Onitsha, John Christopher Taylor, tí òbí rẹ̀ jẹ́ Ìgbò, ni ó sì fi síbẹ̀. Ọkọ̀ wọn, Dayspring, fọ́ nítòsí Jẹ́bbà lọ́dún kan náà. Àjàyí lo àkókò náà láàárín àwọn Nupe ní Rábà, ó ń kọ́ èdè wọn, ó ń kọ ìwé lórí rẹ̀. Ọmọ tí wọ́n ti rí tà bí ẹran ń jókòó pẹ̀lú àwọn Emir àti àwọn ìmáàmù, ó ń bá wọn sọ̀rọ̀ pẹ̀lú ọ̀wọ̀, kò sì bá wọn jiyàn láti fi bú ẹ̀sìn wọn. Wọ́n gbà á tọwọ́tẹsẹ̀ ní Bídà àti ní Ìlọrin.

Henry Venn, akọ̀wé àgbà C.M.S. ní Lọ́ńdọ́nù, ló fẹ́ kí ó jẹ bíṣọ́ọ̀bù. Àjàyí kọ́kọ́ kọ̀. Ó rí ara rẹ̀ bí ẹni tí kò tó bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn tí Venn rọ̀ ọ́ títí ni ó tó gbà. Ní ọjọ́ 29 oṣù kẹfà ọdún 1864, ní Canterbury, wọ́n fi í jẹ bíṣọ́ọ̀bù, aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tí Ìjọ Gẹ̀ẹ́sì fi sí ipò náà. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ èyí. Àwọn òyìnbó tó wà ní Abẹ́òkúta àti Ìbàdàn kò fẹ́ wà lábẹ́ ènìyàn dúdú. Henry Townsend, tí òun àti Àjàyí jọ gúnlẹ̀ sí Àgbádárìgì, ti kọ̀wé tako irú rẹ̀ tipẹ́. Nítorí náà ilẹ̀ Yorùbá, níbi tí wọ́n bí i, kò bọ́ sí ìkáwọ́ rẹ̀. Odò Ọya àti ìlú etí òkun bíi Bonny àti Brass ni iṣẹ́ rẹ̀ mọ sí. Kò tìtorí rẹ̀ dá ìjà sílẹ̀. Ó kó ẹrù rẹ̀, ó lọ síbi tí wọ́n ti fẹ́ ẹ.

Ọdún 1867 dán an wò gan-an. Ìjòyè kan tí ń jẹ́ Abokko mú òun àti Dandeson ọmọ rẹ̀ nítòsí Ìdá, ó ní àfi kí wọ́n wá owó ńlá rà wọ́n padà. Igbákejì kọ́ńsù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó wà ní Lọ́kọ́jà, Fell, lọ gbà wọ́n sílẹ̀. Ọfà olóró ba Fell, ó sì kú. Ẹni tí wọ́n mú lẹ́rú ní kékeré tún di ẹni tí wọ́n mú sí ìgbèkùn ní arúgbó. Síbẹ̀ kò fi Odò Ọya sílẹ̀.

IBI TÍ Ó KÙ SÍ

A kò ní sọ pé kò ní àléébù. Ó máa ń gbẹ́kẹ̀ lé ènìyàn ju bó ti yẹ lọ. Èkó ni ilé rẹ̀ wà, ibi iṣẹ́ rẹ̀ sì jìnnà. Ó di ìgbà tí ọkọ̀ oníṣòwò bá ń lọ kó tó rí ọ̀nà dé ọ̀dọ̀ àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀. Àwọn kan lára wọn hùwà tí kò bójú mu, òun kò sì tètè mọ̀, tàbí kó rọra bá wọn wí nígbà tí ó yẹ kó le. Bàbá tó bá ń kẹ́ ọmọ ní láti mọ ìgbà tí yóò nawọ́ sí pàṣán.

Ṣùgbọ́n ìyà tó jẹ ẹ́ ju ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ lọ. Venn kú ní ọdún 1873. Àwọn ọ̀dọ́ òyìnbó tó dé lẹ́yìn ìyẹn kò mọ ibi tí bàbá ti ń bọ̀. Ní oṣù kẹjọ ọdún 1890, níbi ìpàdé ìgbìmọ̀ owó ní Onitsha, wọ́n dá àwọn àlùfáà dúdú dúró lẹ́nu iṣẹ́ lójú bíṣọ́ọ̀bù wọn, tó ti lé ní ọgọ́rin ọdún, Dandeson sì wà lára àwọn tí wọ́n fọwọ́ kàn. Àjàyí lè dákẹ́ kí ó sì pa ipò tirẹ̀ mọ́. Kò dákẹ́. Ó dúró ti àwọn ènìyàn rẹ̀, ó tako ọ̀nà tí wọ́n gbà ṣe ìdájọ́ náà, ó sì kọ̀wé fi ìgbìmọ̀ náà sílẹ̀. Kò bú ẹnikẹ́ni. Ní ọjọ́ 31 oṣù kejìlá ọdún 1891, ó kú ní Èkó. Òyìnbó ni wọ́n fi rọ́pò rẹ̀.

Ọdún púpọ̀ kọjá kí òtítọ́ tó dé ọjà. Ní ọdún 1892 àwọn ìjọ etí òkun, pẹ̀lú Dandeson, dúró fúnra wọn, wọ́n sì ń fi owó ara wọn ṣe iṣẹ́ wọn. Ní ọjọ́ 29 oṣù kẹfà ọdún 2014, ọdún 150 gééré tí wọ́n fi Àjàyí jẹ bíṣọ́ọ̀bù, Bíṣọ́ọ̀bù Àgbà Canterbury tọrọ àforíjì ní gbangba, nínú ṣọ́ọ̀ṣì kan náà, fún ohun tí wọ́n ṣe sí i.

Ẹ̀KỌ́ TÓ KÀN WÁ

Ẹ̀yin ará wa, kí ni èyí kàn wá? Ó kàn wá púpọ̀. Ìlú tí a wọ̀, ìṣe ibẹ̀ là ń ṣe. Àwa kan wà níhìn-ín tí a ti gbé ogún ọdún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ láàárín àwọn onílé wa, tí a ń jẹ nínú ọjà wọn, tí èdè wọn tí a gbọ́ kò ju ìkíni àti iye owó lọ. Àjàyí kọ́ èdè Nupe nígbà tí ọkọ̀ rẹ̀ fọ́. Kí ló dé tí àwa tí ọkọ̀ wa kò fọ́ kò lè kọ́ ti ibi tí a wà?

Ó kàn àwọn tí a fi ṣe olórí ẹgbẹ́ pẹ̀lú. Ipò tí a kò du, tí wọ́n ní kí a wá jẹ, ló máa ń niyì. Owó tí a bá kó jọ lónìí, ẹ jẹ́ kí a ṣírò rẹ̀ lójú gbogbo ènìyàn, kí a má baà ṣi ènìyàn fọkàn tán bí bàbá náà ti ṣe. Bí wọ́n bá sì ń fi ìyà jẹ ẹni tó wà lábẹ́ wa láìtọ́, kí a má ṣe wo tiwa nìkan. Bí ẹnikẹ́ni bá ṣẹ̀ wá ní ìlú yìí, kí a rántí ọmọ tí wọ́n fi pààrọ̀ ẹṣin, tí kò sì gbẹ̀san lára ẹnikẹ́ni títí ó fi wọ kòtò.

Ọlọ́run yóò jẹ́ kí a ṣe oríire nílé, kí a ṣe oríire lẹ́yìn odi. Ọjọ́ tí a bá ń padà sílé, kí àwọn onílé wa lè sọ pé ènìyàn rere ti gbé láàárín àwọn. Àṣẹ.